Àdán Ló Ń Gbin Ìrókò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba Òjóò kọjá lọ sí Mọ́níyà, tó sì yà wọ ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, ló máa ń rò pé igbó dúdú ibẹ̀ ti wà láti ayé Lágelú. Àwọn mìíràn á ní òyìnbó ló gbìn ín. Èyí kejì yìí ló ń bíni nínú jù. Lọ́dún 1967 tí wọ́n dá IITA sílẹ̀, oko ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Ibi tí wọn ò kọ́lé sí, tí wọn ò sì fi dáko ìwádìí, ló hù padà di igbó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Wọ́n ti gbin igi díẹ̀ kún un lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù hù fúnra rẹ̀ ni. Ẹyẹ Ibadan malimbe, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ń gbé inú rẹ̀.

Bí oko ṣe ń di igbó ò le: koríko á gbà á, Akíntọ́lá-takú á bo koríko, igi tó fẹ́ràn oòrùn á yọrí, òjìji rẹ̀ á sì pa Akíntọ́lá. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ti ìrókò ló gbádùn mọ́ni. Àgbẹ̀ tó fi àdá àti iná ṣán gbogbo igbó kì í sábà fọwọ́ kan ìrókò, torí Olúwéré, iwin inú ìrókò, ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètùtù. Bí igi ìyá ṣe ń ṣẹ́ kù láàárín oko nìyẹn. Tí èso rẹ̀ bá rọ̀, àdán á wá jẹ ẹ́ lóru, á sì máa ya kóró rẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ bó ṣe ń fò lọ, kóró kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún.

Ìfọ́nká yẹn gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Kòkòrò kan wà, Phytolyma, tó máa ń yé ẹyin sára ọmọ ìrókò. Ewé á wú kókó, kókó á jẹrà, orí igi á kú. Mo-gbọ́-mo-yà ni kòkòrò yìí. Tí ẹ bá to ìrókò bí ebè àgbàdo, ẹ ti ta kánópì fún un nìyẹn, ẹ ti to àga, ẹ ti gbé ìrẹsì kalẹ̀. Á jẹ ẹ́ láti tábìlì dé tábìlì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá di oúnjẹ náà ránṣẹ́ sílé onílé, ọ̀kan ní Bẹẹrẹ, ọ̀kan ní Apẹ̀tẹ̀, ọ̀kan ní Ológunẹ́rù, níbo ni mo-gbọ́-mo-yà fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀? Á rí díẹ̀ jẹ o, àmọ́ kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ìdí nìyí tí igi gbígbìn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí àwọn olóṣèlú ń dúró tì ya fọ́tò, ò fi bá ìrókò mu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fọ́n ọn káàkiri sáàárín igi mìíràn. Àléébù ètò àdán ni pé igi ìyá gbọ́dọ̀ wà nítòsí, àdán náà sì gbọ́dọ̀ wà láàyè. Ẹ̀rù Olúwéré sì ti ń tán lójú àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì ìrẹ́gi, bẹ́ẹ̀ làwọn ọdẹ ń yìnbọn fún àdán láti fi tà.