Oko Ìrẹsì Ni, Kì í Ṣe Àbàtà Lásán

Ọ̀yọ́túnjí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí mo ń mú rìn ní South Carolina máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kò burú. Abúlé tí Ọba Adéfúnmi dá sílẹ̀ ní Sheldon ní 1970 tó í wò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba títì US 17 láti Charleston, wọ́n á kọjá lórí odò Combahee láì yíjú, torí àbàtà lásán ni lójú wọn.

Ẹ ní kí awakọ̀ rọra. Ẹ wo àárín koríko yẹn: ojú omi ibẹ̀ gún bí ohun tí wọ́n fi okùn wọ̀n. Odò kì í ṣàn báyẹn. Oko ìrẹsì ni, àwọn ẹrú ló sì gbẹ́ ẹ. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ gé igbó inú irà, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì mọ ògiri amọ̀ yí i ká.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Bí òkun bá kún, á ti omi odò padà sẹ́yìn, omi odò á sì ga. Bí oko bá sún mọ́ òkun jù, iyọ̀ á pa ìrẹsì; bó bá jìnnà jù, omi kò ní í ga débẹ̀. Agbedeméjì ni wọ́n wá. Wọ́n ri àpótí pákó kan, tí wọ́n ń pè ní trunk, gba abẹ́ ògiri kọjá, ilẹ̀kùn kan lápá odò, òmíràn lápá oko. Bí wọ́n bá gbé ti odò sókè, omi tó ń kún á ti ilẹ̀kùn oko ṣí, á wọlé. Bí òkun bá ń fà, omi inú oko fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn oko yẹn pa. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Igi cypress oníhò ni wọ́n fi ṣe àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó ni ọgbọ́n náà. Lójú tèmi, àwọn tí wọ́n kó láti agbègbè Sierra Leone àti Gambia, tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì nínú irà nílé, kò wá síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. (Ẹ má sọ gbogbo rẹ̀ di ti Yorùbá o!) Àwọn Gullah Geechee, àwọn aláwọ̀ dúdú etíkun yìí, ni ìran wọn.

Lórí odò yìí náà ni Harriet Tubman, obìnrin tó ti sá kúrò lóko ẹrú, àti àwọn ọmọ ogun Àríwá tí Ọ̀gágun Montgomery ń darí, gbé ọkọ̀ gbà lóṣù kẹfà 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí ẹrú tó lé ní 700 fi gba òmìnira. Orúkọ Tubman ló wà lára afárá títì US 17 níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, ìjì 1893 àti ti 1911 fọ́ èyí tó kù nínú oko. Àwọn olówó Àríwá rà á láti máa yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n sì ń tún ògiri ṣe. Ìdí nìyẹn tí idì àti ẹyẹ àkọ̀ fi pọ̀ níbẹ̀ lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń ṣí trunk, wọ́n ń tì í, nítorí ẹyẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ dé orí ògiri náà, ẹ lọ sí Donnelley, ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹranko ìgbẹ́, nítòsí Green Pond. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá kì í ṣe àkókò ìṣọdẹ. Àwọn ọ̀nì a sì máa yáàrùn lórí ògiri. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lójú ọ̀nà, ẹ padà, ẹ má dúró ya fọ́tò.