Ọ̀nà ló ń ṣáájú akọni: bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn àròsọ ayé ogun ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ ayé ogun jẹ́ ni pé akọni ni òǹkọ̀wé kọ́kọ́ ń dá, ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń wá ọ̀nà tí akọni ọ̀hún máa gbà. Ọkùnrin náà á jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀, á dé Ìbàdàn lọ́sàn-án, á jà, á ṣẹ́gun, á sì padà wálé wá sùn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ á pa ìwé náà dé níbẹ̀. Ọ̀nà ló yẹ kó ṣáájú: ibi tó gbà, iye ọjọ́ tó ń gbà, ẹrù tó wà lórí àti ẹni tó dúró ní ibodè.

Kó tó kan ọ̀nà, ọdún gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. “Láyé àwọn bàbá wa” kò tó. Bí ìtàn bá wáyé ní 1850, kò gbọdọ̀ sí ìlú Ṣágámù nínú rẹ̀, torí 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ bíi Ọ̀fin àti Makun ṣẹ̀ṣẹ̀ kóra jọ síbẹ̀. Ìkòròdú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó lónìí, Rẹ́mọ ni nígbà náà. Àwọn Ẹ̀gbá dó tì í, kí Glover, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tó rán ọmọ ogun wá lé wọn ní 1865. Ẹ má fi akọni sínú rélùwéè ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni rélùwéè gbà dé Ìbàdàn ní 1901.

Ká mú 1892 ṣe àpẹẹrẹ. Òǹkọ̀wé á fa ilà sí àárín ìwé ńlá kan. Apá òsì jẹ́ ti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́: ní oṣù Kìíní, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú wà l'Ékòó, wọ́n ń bá Gómìnà Carter sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí wọ́n ní kí Ìjẹ̀bú ṣí, ní oṣù Karùn-ún, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ 19, ogun Ìmàgbọn, ní ọjọ́ 20, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Apá ọ̀tún jẹ́ ti àwọn tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dá. Ohunkóhun tó bá wà lápá òsì kò ṣeé sún. Bí ó bá di dandan kí nǹkan yí, apá ọ̀tún ni kó yí.

Láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ bíi 30 kìlómítà. Alárù tó bá gbéra ní àkùkọ ìdájí lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, bí òjò ò bá rọ̀ tí oníbodè ò sì dá a dúró. Ní ti ẹrù, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dùn. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, 50 okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan owó kéékèèké ń wọ̀n ju kílò 20 lọ, ti owó ńlá tó wá láti Zanzibar sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, akọni tó bá ń fi ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sá lọ lóru ní láti wá alárù mẹ́wàá. Ta ni wọ́n? Èwo nínú wọn ni yóò yà sínú igbó? Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tíì yọ idà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn. Ìbọn olókùúta ìṣáná ni ti ọ̀pọ̀ jagunjagun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní Snider lọ́wọ́, ìyẹn ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń lo olókùúta á da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, á ki òwú sí i, á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ju ọta sí i, á tún fi ọ̀pá kì í, á bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú iná, kó tó gbé òòlù ìbọn sókè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá á lo bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ti ẹlòmíràn á tó ìṣẹ́jú kan. Akọni tó bá yìn ín lẹ́ẹ̀mejì fún ọ̀tá tó ń sáré bọ̀ láti ogún ẹsẹ̀ bàtà, irọ́ ló pa. Bí òjò oṣù Karùn-ún bá sì kan ẹ̀tù, kò ní dún rárá. Ìbọn Maxim tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá lè yìn tó 500 ọta ní ìṣẹ́jú kan. Kí òǹkọ̀wé kọ méjèèjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí, òǹkàwé á rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìmàgbọn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wàásù.

Òṣùpá pẹ̀lú ní ìṣirò tirẹ̀. Àrànmọ́jú bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1892. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ 18, òṣùpá kò ní yọ títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́. Amí tó bá fẹ́ kọjá lára àgọ́ ọ̀tá gbọ́dọ̀ tètè lọ.

Níbo ni wọ́n ti ń rí irú nǹkan báyìí? Ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé àwọn ọ̀gá ìjọba amúnisìn ní Ìjẹ̀bú. Ti Ọ̀sífẹ̀kúndé tún wà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n mú lẹ́rú ní nǹkan bí 1820, tí wọ́n tà sí Brazil, tó sì padà dé Paris. D'Avezac, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, bi í ní ìbéèrè púpọ̀ nípa ilẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde ní 1845. Ìṣúra ni, àmọ́ ọkùnrin tó ti kúrò nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń rántí, nítorí náà kí wọ́n fi oríkì ìdílé àti ọ̀rọ̀ àgbà wò ó. Oríkì náà ní àléébù tirẹ̀: ó ń sọ ẹni tó ṣẹ́gun, kì í sọ ẹni tó sá.

Alexandre Dumas, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ará Faransé, ní Auguste Maquet tó ń bá a tú ìwé ìtàn, tó sì ń tò ó sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ níbí kò ní irú rẹ̀, kó yáa pín oṣù rẹ̀: oṣù mẹ́ta fún ìwádìí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 1,000 ọ̀rọ̀ lójúmọ́. Bí orí kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 2,500 ọ̀rọ̀, orí 30 á gba bí ọjọ́ 75. Ẹni tó bá da gbogbo ìwádìí rẹ̀ sí orí kìíní ti lé òǹkàwé lọ.

Àwọn ẹni tó gbé ayé rí, bí Awùjalẹ̀ Túnwàṣe àti Balógun Kúkù, kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ tàbí ìwà tí kò sí ẹ̀rí rẹ̀ sí wọn lọ́rùn. Àrọ́mọdọ́mọ wọn wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí ìránṣẹ́ tí òǹkọ̀wé dá ni yóò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Orò Agẹmọ àti ti Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo àwọn àgbà ìlú, kò ṣeé hùmọ̀ rárá. Ìta ni kí ìtàn dúró sí: ìgboro dá, ilẹ̀kùn tì, obìnrin wọlé. Bí akọni bá jẹ́ obìnrin tó gbọ́dọ̀ gba ojú títì kọjá lọ́jọ́ tí Agẹmọ ń lọ sí Ìmósàn, ewu tó wà níbẹ̀ ti tó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú ìwé sókè fún àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òmíràn ní Òde, òmíràn ní Rẹ́mọ, torí ohùn wọn yàtọ̀ síra. Ibi tí àgbà bá ti dáwọ́ ẹni dúró, kí wọ́n fi bírò sàmì sí i, kí wọ́n sì tún un kọ kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.