Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Kọ́kọ́ Bi Ẹlẹ́wọ̀n

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin kì í ṣe lọ́yà. Kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni ní kóòtù, ìwé tó bá sì kọ, lọ́yà tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ó yẹ kí ẹbí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n mọ èyí ṣáájú, nítorí bí bọ́ọ̀sì yunifásítì bá ti dúró lẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi n'Íbàdàn tàbí Kirikiri l'Ékòó, ìtúsílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń retí. Àmọ́ ibi tí ẹjọ́ ti há sí ni àwọn ọmọ yìí wá wá. Iṣẹ́ ńlá sì ni.

Abala 35 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí kóòtù bá rí i pé ó yẹ kó pẹ́ ju ìyẹn lọ. Bó bá ṣì wà ní àtìmọ́lé tí oṣù méjì kọjá láìsí ìgbẹ́jọ́, ó yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà pẹ̀lú àdéhùn tàbí láìsí. Ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni gbèdéke oṣù méjì yìí kò dé.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti ń há. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè kan ènìyàn, ọ̀dọ̀ májísíréètì ni ọlọ́pàá sábà ń kọ́kọ́ gbé e lọ, májísíréètì kò sì lágbára láti gbọ́ ọ. Á ní kí wọ́n fi í pamọ́ sẹ́wọ̀n, kí ọlọ́pàá sì fi fáìlì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Fáìlì náà lè má kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n lè ti gbé ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ lọ sí ìlú mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì bèèrè mọ́.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé o ṣe é?" Ọjọ́ wo ni wọ́n mú ọ? Àgọ́ ọlọ́pàá wo? Kóòtù wo, kí ni nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn? Ṣé wọ́n fún ọ ní béèlì rí? Orúkọ wo lo fún ọlọ́pàá? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ṣe kókó, torí àwọn kan máa ń pa orúkọ dà kí ìtìjú má bàa dé ilé. Bí a bá fi orúkọ àbísọ wá irú wọn, a kò ní rí fáìlì kankan.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì jókòó ti ẹnì kan fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: ọ̀kan á bèèrè, èkejì á kọ ọ́ sílẹ̀. Bébà àti bírò ni, torí fóònù kì í wọlé. Kí wọ́n má kọ ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ rárá, nítorí ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu géètì. Kí wọ́n gba nọ́ńbà ẹbí tí ó bá rántí. Ìyá mìíràn kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti ní béèlì, onídùúró ni wọn kò rí. Lọ́yà lè kọ̀wé sí kóòtù kí wọ́n dín àdéhùn rẹ̀ kù. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù gan-an irú ìwé tí onídùúró gbọ́dọ̀ mú wá. Ẹ má ṣe háyà àwọn tó ń gba owó ṣe onídùúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Obìnrin lè ṣe onídùúró: òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ti ọdún 2015, sọ ọ́ kedere.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ ni pé ìdánwò á dé, ìwé tí wọ́n kọ á sì kú sínú báàgì. Kí wọ́n yan ẹni tí yóò lọ yẹ ìwé wò ní kóòtù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì fa ẹjọ́ lé Legal Aid Council lọ́wọ́, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ọ́fíìsì Public Defender tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ Èkó. Lẹ́yìn náà kí wọ́n padà sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí wọn kò rí fáìlì rẹ̀, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n sọ fún un pé àwọn kò tíì rí i, àti ibi tí àwọn ti wá a dé.