Ewu tó dojú kọ ìjọba tiwa-n-tiwa ní Amẹ́ríkà

Ewu tó dojú kọ ìjọba tiwa-n-tiwa ní Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ òṣèlú, amòfin àti aráàlú ibẹ̀ ń jiyàn lé lórí. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé òfin tí wọ́n ṣe kí tolórí-tẹlẹ́mù lè jọ jàǹfààní ti ń di ohun ìjà fún ẹni tó bá wọlé ìbò. Ìwé òfin ilẹ̀ náà, tí wọ́n kọ ní 1787, sọ níbẹ̀rẹ̀ pé wíwá ire gbogbogbò wà lára ìdí tí wọ́n fi dá ìjọba sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ka ẹrú mọ́ “gbogbo” náà nígbà yẹn.

Ìgbà kan wà tí ire gbogbogbò jẹ wọ́n lógún: ní 1956, aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì, Democratic àti Republican, fọwọ́ sí títì márosẹ̀ tí ìjọba Ààrẹ Dwight Eisenhower là káàkiri ìpínlẹ̀. Ní 1958, nǹkan bí mẹ́ta nínú ará Amẹ́ríkà mẹ́rin ló fọkàn tán ìjọba àpapọ̀. Ogun Vietnam àti ọ̀ràn Watergate, ìwà ìbàjẹ́ tó mú Ààrẹ Richard Nixon fipò sílẹ̀, ba ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn jẹ́. Lóde òní, ó wà ní nǹkan bí méjì nínú mẹ́wàá. Nígbà àrùn Kòrónà, tó pa ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ níbẹ̀, ìbòmú lásánlàsàn di àmì ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba jù ni pípín ẹkùn ìdìbò. Lẹ́yìn ètò ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ya ààlà tuntun ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní 1812, Elbridge Gerry, gómìnà Massachusetts, fọwọ́ sí ààlà kan tó rí kọ́lọkọ̀lọ, tí ìwé ìròyìn fi wé salamander, ẹranko kékeré tó jọ alángbá. Orúkọ méjèèjì ni wọ́n pa pọ̀ di gerrymander, ìyẹn yíya ààlà ẹkùn láti fi gbè ẹgbẹ́ ẹni. Gerry fìdí rẹmi lọ́dún yẹn, àmọ́ Ilé Aṣòfin Àgbà ìpínlẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí olùdìbò 50 bá wà ní ẹkùn 5, mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹgbẹ́ tó ní 20 péré lè kó mẹ́fà-mẹ́fà sí ẹkùn 3, kó fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí méjì tó kù, kó sì gba ìjókòó 3. Ní Wisconsin ní 2018, ẹgbẹ́ Democratic gba ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ilé aṣojú ìpínlẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìjókòó 36 péré nínú 99 ló kàn wọ́n. Ní Maryland, àwọn gan-an ló ya ààlà tó gbè wọ́n.

Ní 2019, adájọ́ 5 sí 4 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé kóòtù àpapọ̀ kò láṣẹ láti dá ẹjọ́ lórí irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ló ti gba àwọn iléeṣẹ́ láyè ní 2010 láti dá ná iye tó bá wù wọ́n lórí ìbò, láìbá olùdíje pawọ́ pọ̀. Ní 2013, ó mú eyín kúrò lẹ́nu òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ti 1965, èyí tó dáàbò bo àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2021, àwọn alátìlẹyìn Donald Trump ya wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ láti dí ìfọwọ́sí ìjáwé olúborí Joe Biden lọ́wọ́. Òfin tuntun kan ní 2022 là á mọ́lẹ̀ pé igbákejì ààrẹ, tó ń darí kíka ìbò ààrẹ nílé aṣòfin yìí, kò lè yí èsì ìbò padà. Nígbà tí Trump padà dé ipò ní 2025, ó dárí ji nǹkan bí 1,500 nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lórí ìkọlù náà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Republican gbà pé màgòmágó ìbò àti òṣìṣẹ́ ọba tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ni ewu gidi. Lójú ọ̀pọ̀ Democrat, dídí olùdìbò lọ́nà ni. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Texas tún ààlà rẹ̀ yà láìdúró de ìkànìyàn, kí ẹgbẹ́ Republican lè rí ìjókòó 5 sí i nílé aṣojú àpapọ̀. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí ààlà tó lè fún ẹgbẹ́ Democratic ní 5 padà. Àwọn olùdìbò California náà ló ti gba iṣẹ́ ààlà yíyà yìí kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣèlú ní 2010, tí wọ́n fà á lé ìgbìmọ̀ aráàlú lọ́wọ́.