Àjà Ẹnu tí Wọ́n Rán, Ọ̀rọ̀ tí Kò Tíì Dé

Bí wọ́n ṣe ń rán àjà ẹnu tó là, tí wọ́n bí mọ́ ọmọ, kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibí yìí. Àwọn oníṣẹ́ abẹ mọ iṣẹ́ wọn, àjọ aláàánú Smile Train sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé abẹ́rẹ́ àti òwú kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ọjọ́ orí. Láàárín oṣù 6 sí 10 ni ọmọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ "ba-ba-ba". Àjà ẹnu ńkọ́? Ó sábà máa ń tó oṣù 9 sí 18 kí wọ́n tó rán an. Ọmọ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ kí àjà tó pé.

Kí b, t tàbí k tó lè dún, afẹ́fẹ́ ní láti há sẹ́nu kó tó bú jáde. Àfàsé, ẹran rírọ̀ ẹ̀yìn àjà ẹnu, ni ilẹ̀kùn tó ń dí ọ̀nà káà imú. Bí kò bá dí i, b á di m, "bàbá" á wá di "màmá" (kí bàbá má bínú o). Ọmọ tó bá gbọ́n a wá ibòmíràn tí afẹ́fẹ́ lè há sí: tán-án-ná, ilẹ̀kùn ohùn tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun. "Bàbá" á di "à-á", tí a gé lọ́fun bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ wúkọ́. Wọ́n á rán àjà tán, ọgbọ́n náà á ṣì wà níbẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára.

Níbí ni èdè Yorùbá ti ń tan ìdílé jẹ. Tán-án-ná náà ló ń gbé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ jáde, àjà ẹnu kò sí níbẹ̀. Ohùn ọmọ á pé, kọ́ńsónáǹtì á sọnù. Gángan gan-an nìyẹn! Ẹni tó mọ oríkì a gbọ́ ohun tí gángan ń wí, àlejò a kàn máa jó. Ìyá gbọ́ "à-á", ó mọ̀ pé bàbá ni. Olùkọ́ gbọ́ ọ: bàbá ni, bàtá ni, àbí àdá? Lójú tèmi, gbígbọ́ tí ìyá ń gbọ́ yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá ìrànlọ́wọ́.

Kí wọ́n tó rán àjà rárá ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: kí ìyá máa dá ọmọ lóhùn pẹ̀lú m, w, y, kó máa rọra fi ìka dí imú rẹ̀ nínú eré kó lè mọ bí b ṣe ń rí lẹ́nu, kó má sì máa sín ìró ọ̀fun yẹn jẹ. Fèrè àti bàlúùnù tí wọ́n ń ní kí ọmọ máa fọn kò ràn án lọ́wọ́. Fífọn fèrè kì í kọ́ ọmọ bí a ṣe ń pe t.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọgbọ́n kan wà tó wù mí púpọ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ á ní kó mí "h" gígùn kó tó pe t: "hhh-tà". Tán-án-ná tó ṣí sílẹ̀ fún h kò lè tì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ibòmíràn tí t lè gbà wá ju orí ahọ́n lọ.