Wíwọn ìrìnàjò oru omi lójú ọ̀run pẹ̀lú lésà inú bàálù

Omi tó ti di oru, tó pò mọ́ afẹ́fẹ́ tójú ò lè rí, kì í dúró sójú kan, ẹ̀fúùfù ló ń gbé e kiri kó tó di òjò níbòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìrìnàjò yìí gbọ́dọ̀ mọ nǹkan méjì níbì kan náà, lásìkò kan náà: bí oru omi ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí afẹ́fẹ́ tó gbé e ṣe ń sáré tó. Ọ̀kan láìsí èkejì ò tó. Bàlúùnù ojú ọjọ́ máa ń ka méjèèjì, àmọ́ ọ̀nà tóun fúnra ẹ̀ gbà gòkè nìkan ló lè ròyìn, nígbà tí lésà tó wà nínú bàálù máa ń ka gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ bí bàálù ṣe ń lọ, bí ìgbà tí wọ́n ta kátìnnì láti ìdí bàálù dé ilẹ̀.

Bí lésà ṣe ń ka oru omi

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní DIAL máa ń ta oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, oru omi máa ń gbé ọ̀kan mì, kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan èkejì. Eruku àti afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ á dá díẹ̀ padà nínú méjèèjì, àkókò tó fi padà ló ń sọ ibi tó ti wá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló sì ń sọ iye oru omi. Ohun tó dáa jù nínú ọ̀nà yìí ni pé kò nílò kí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn ṣàtúnṣe ìwọ̀n ẹ̀ kó tó mọ iye. WALES, ẹ̀rọ DIAL ti DLR, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Jámánì, ń lo ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin tí gígùn ìgbì wọn wà nítòsí 935 nánómítà, torí oru omi pọ̀ nísàlẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ tí oru omi tètè ń gbé mì á tán kó tó délẹ̀, lókè lọ́hùn-ún sì rèé, ó kéré débi pé èyí tí oru omi kì í tètè gbé mì ò ní mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀rọ LEANDRE 2 ti ilẹ̀ Faransé lo ìmọ́lẹ̀ nítòsí 730 nánómítà, LASE ti NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ti nítòsí 815.

Afẹ́fẹ́

Lésà tí wọ́n ń pè ní Doppler ló ń ka eré afẹ́fẹ́, látinú bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí eruku dá padà ṣe yí díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ eré bàálù fúnra ẹ̀ kúrò, tó ju 100 mítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ibi tí wọ́n ti lò ó

Ní May àti June 2002, nínú iṣẹ́ ìwádìí oru omi tó ń jẹ́ IHOP_2002 ní Amẹ́ríkà, bàálù Falcon ti DLR gbé DIAL àti lésà Doppler ti NOAA, àjọ ojú ọjọ́ àti òkun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pa pọ̀ lórí Kansas àti Oklahoma, wọ́n sì tọpa oru omi tí ẹ̀fúùfù ìsàlẹ̀ ń gbé wá láti gúúsù. Ní 2006, nínú AMMA, iṣẹ́ ìwádìí lórí òjò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bàálù Faransé gbé LEANDRE 2, ti Jámánì gbé lésà afẹ́fẹ́ tó ń jẹ́ WIND, Niamey, olú-ìlú Niger, ni ibùdó wọn, ibi tí afẹ́fẹ́ tútù láti òkun Guinea ti ń pàdé afẹ́fẹ́ gbígbẹ Sàhárà ni wọ́n sì ń wò, afẹ́fẹ́ tútù yìí náà ló ń gbé òjò wá sílẹ̀ Yorùbá. Ní Barbados ní 2020, WALES ló ń ka oru omi látinú HALO, bàálù ìwádìí ilẹ̀ Jámánì, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké onípárásúùtì tí wọ́n ń jù sílẹ̀ ló ń ka afẹ́fẹ́.

Lésà ò lè la ìkùukùu tó nípọn kọjá, bẹ́ẹ̀ ibi tí oru omi ti ń gòkè jù ni ìkùukùu sábà máa ń wà.