Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nínú ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́yìn ìkọlù

Nígbà tí agbébọn tàbí ìbúgbàù bá ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó fara gbọgbẹ́ a máa pọ̀ ju òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà lára ẹni tí ilé ìwòsàn lè ké sí. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n, torí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ti LAUTECH, àti ti Yunifásítì Bowen, ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu 2021, agbébọn ya wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Nígbà tó pé ọdún kan, ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu 2022, agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ lásìkò ìsìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Nǹkan bí ènìyàn 40 ló kú, àwọn ilé ìwòsàn sì ń bẹ ará ìlú kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìbúgbàù Bódìjà n'Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, kì í ṣe ìkọlù, ṣùgbọ́n ẹrù kan náà ló dì lé àwọn ilé ìwòsàn lórí.

Òfin

Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 kò gbà kí wọ́n kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Òfin 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá. Ilé ìwòsàn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí dunjú, torí òun lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn tó gbé aláìsàn dé máa bá pàdé.

Iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe

Ìlànà START, tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1983, wà lára èyí tí a fi ń ya àwọn tó fara pa sọ́tọ̀, tí a ń fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní àmì aláwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú rẹ̀ ṣe kánjú tó. Ẹni tó bá lè rìn gba àwọ̀ ewé: ìtọ́jú rẹ̀ lè dúró. Ẹni tí kò mí, tí wọ́n la ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tí kò sì mí síbẹ̀, gba dúdú: ó ti kú. Bí ẹnìkan bá mí lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò lù, tàbí tí wọ́n ní “fún ọwọ́ mi pọ̀” tí kò lè ṣe é, pupa ni: òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú. Àwọn yòókù gba òféefèé: àwọn ló tẹ̀ lé pupa. Àyẹ̀wò ẹnìkan kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń lọ sí wọ́ọ̀dù lè tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ bí a ṣe ń so tourniquet (ọ̀já tí a fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá), òkè ọgbẹ́ ni yóò so ó sí, kì í ṣe orí oríkèé, yóò sì kọ aago tó so ó síbi tó hàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè gbé ibùsùn, sáré lọ gba ẹ̀jẹ̀, tàbí dúró ti àwọn aláwọ̀ ewé.

Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n sábà ń fojú kéré: kíkọ orúkọ. Lẹ́nu géètì, àwọn ìyá á ti máa sunkún, ẹni tí wọ́n ń wá sì lè má lè sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á rọra béèrè pé, “Mọ̀mọ́, kí ni ọmọ yín wọ̀ jáde láàárọ̀? Ṣé ó nílà lójú?”, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi wé ti inú wọ́ọ̀dù. Èyí ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì àgbà ráyè dojú kọ ẹni tó ń kú lọ.

Ààlà àti ààbò

Kò tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ohun tí wọn kò tíì kọ́ ọ, tàbí kó dá ṣiṣẹ́ láìsí nọ́ọ̀sì tó ti gbàwé-ẹ̀rí nítòsí. Ọjọ́ ìjàm̀bá kọ́ ni wọ́n ń pín iṣẹ́. Ó yẹ kí olúkúlùkù ti mọ sístà tó máa lọ bá, kí wọ́n sì ti fi dánra wò. Fífi wọ́n ránṣẹ́ síbi tí ìbọn ṣì ti ń dún kò bójú mu rárá.

Gbogbo wọn ló yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nípa ẹ̀jẹ̀) mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáájú. Bí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ bá gún ọ̀kan nínú wọn, kó fi omi àti ọṣẹ fọ ibi tó ti gún un, kó sọ fún sístà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.